Matter: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa sọ́fúwíà àjùmọ̀lò fún ẹ̀rọ inú ilé, ìdí tó fi pẹ́ kó tó jáde, àti ibi tí iṣẹ́ dé

Ẹni tó bá ra gílóòbù tó ń gbọ́ àṣẹ láti orí fóònù lónìí, tó tún ra sọ́kẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ mìíràn lọ́la, áàpù méjì ni yóò gbé sórí fóònù rẹ̀. Tó bá tún fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ìgbàlódé kún un, áàpù di mẹ́ta. Gílóòbù kò mọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, sọ́kẹ́ẹ̀tì kò mọ ilẹ̀kùn, kálukú ń ṣe tiẹ̀. Èyí tó tún wá burú jù ni pé bí iléeṣẹ́ tó ṣe ọ̀kan nínú wọn bá kógbá sílé, ẹ̀rọ náà lè di ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Ìṣòro yìí ni Amazon, Apple àti Google sọ pé àwọn fẹ́ yanjú nígbà tí wọ́n kéde lọ́jọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 2019, pé àwọn yóò pawọ́ pọ̀ ṣe ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo ẹ̀rọ inú ilé. Wọ́n ní àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà yóò ti wà nílẹ̀ kí ọdún 2020 tó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹwàá, ọdún 2022, ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó jáde, wọ́n sì ń fi nǹkan kún un díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà. Matter ni orúkọ rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ti ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti rà á, àlàyé rèé lórí ohun tó jẹ́, ohun tó dá a dúró, àti ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó náwó.

Kí ni Matter gan-an?

Matter kì í ṣe ẹ̀rọ tí èèyàn lè lọ rà lọ́jà, kì í sì í ṣe áàpù. Èdè kan ni, tí àwọn iléeṣẹ́ fẹnu kò lé lórí pé kí àwọn ẹ̀rọ inú ilé máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ní ẹ̀ka èdè tirẹ̀, ọmọ Èkìtì ní tirẹ̀, ọmọ Oǹdó ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pàdé lọ́jà Bódìjà, Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọn yóò fi ná ọjà. Bí Matter ṣe rí nìyẹn. Gílóòbù lè jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan, kí fóònù jẹ́ ti iléeṣẹ́ mìíràn, kí spíkà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, síbẹ̀ kí wọ́n gbọ́ra wọn yé.

Àjọ tó ń bójú tó o ni Connectivity Standards Alliance. Zigbee Alliance ni orúkọ àjọ yìí tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, ni wọ́n yí orúkọ àjọ padà, ọjọ́ yẹn náà sì ni iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Project CHIP tẹ́lẹ̀ di Matter.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀rọ Matter máa ń gbà sọ̀rọ̀ nínú ilé. Àkọ́kọ́ ni Wi-Fi tí gbogbo wa mọ̀. Ìkejì ni wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkẹta ni Thread, ìgbì rédíò kan tí kì í jẹ iná púpọ̀, tí wọ́n ṣe fún àwọn nǹkan kéékèèké tó ń lo bátìrì. Nínú Thread, ẹ̀rọ tó bá ti so mọ́ iná ilé lè gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ kan kó sì fi ránṣẹ́ sí èkejì, títí tí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Bluetooth náà wà níbẹ̀, àmọ́ ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ so ẹ̀rọ tuntun pọ̀ ló máa ń wúlò. Ẹ ó fi kámẹ́rà fóònù ya kóòdù tó wà lára ẹ̀rọ tàbí lára páálí rẹ̀, tàbí kí ẹ tẹ nọ́ńbà 11 tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì wọlé.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń retí rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ owó ni. Lọ́dún 2016, Nest, iléeṣẹ́ tó wà lábẹ́ agbo iléeṣẹ́ Google, kéde pé òun yóò ti ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Revolv pa. Àpótí kékeré tí wọ́n fi ń darí iná àti ilẹ̀kùn ni, iye tí wọ́n sì tà á tó dọ́là 300. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún náà, wọ́n pa kọ̀ǹpútà tó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni Revolv kò bá ṣiṣẹ́ mọ́. Kò bàjẹ́, kò já bọ́, iná kò gbé e, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lókè ló dákẹ́.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ó tún ṣẹlẹ̀. Insteon, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ti ń ta irú ẹ̀rọ yìí tipẹ́, ṣàdédé dákẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníbàárà kan jí lọ́jọ́ náà, áàpù wọn kò sì lè ṣe nǹkan kan. Nígbà tó yá, àwọn kan lára àwọn oníbàárà náà fúnra wọn ra iléeṣẹ́ náà, wọ́n sì jí i dìde.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi gbé ojú lé Matter. Nínú ìlànà rẹ̀, inú ilé ni àṣẹ máa ń lọ láti orí fóònù tàbí ẹ̀rọ adarí sí orí gílóòbù. Kò pọn dandan kó kọ́kọ́ lọ sí kọ̀ǹpútà kan lókè òkun kó tó padà wá. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, tí router inú ilé ṣì ní iná, gílóòbù ṣì lè gbọ́ àṣẹ. Bí iléeṣẹ́ tó ṣe gílóòbù bá sì kógbá sílé, áàpù iléeṣẹ́ mìíràn lè máa darí rẹ̀ lọ.

Báwo ni ìdádúró náà ṣe lọ?

Ìlérí àkọ́kọ́ wáyé ní ìparí ọdún 2019. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni àrùn Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ìbá máa pàdé láti fi ẹ̀rọ wọn dán ara wọn wò kò sì lè pàdé mọ́. Ọdún 2020 lọ, kò jáde.

Nígbà tí wọ́n fún un ní orúkọ tuntun ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yóò gba ìwé ẹ̀rí kí ọdún náà tó parí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní ó di ọdún 2022. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n tún sún un síwájú, wọ́n ní ó di ìgbà ìwọ́wé ọdún náà.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe bàbá. Lọ́jọ́ 4, oṣù Kẹwàá, ọdún 2022, Matter 1.0 jáde. Iléeṣẹ́ tó lé ní 280 nínú àjọ náà ló lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Lọ́jọ́ 3, oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣe ayẹyẹ rẹ̀ nílùú Amsterdam lórílẹ̀-èdè Netherlands, níbi tí wọ́n ti sọ pé ẹ̀rọ 190 ló ti gba ìwé ẹ̀rí tàbí tó wà lórí ìlà àtigbà á.

Kí ló fà á gan-an?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé èrò pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ díẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tàn, gbogbo ẹni tó ń ta gílóòbù, kọ́kọ́rọ́ àti kọ́tìnnì ló fẹ́ wọlé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ náà ṣàlàyé pé oríṣi pèpéle 16, látorí sọ́fúwíà títí dé orí irin kọ̀ǹpútà kéékèèké tó wà nínú ẹ̀rọ, ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí i pé Matter ń bá ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá tún ibì kan ṣe fún ọ̀kan, wọ́n ní láti padà lọ wò ó bóyá kò ba ti àwọn yòókù jẹ́.

Ohun kejì ni pé kì í ṣe ìwé òfin nìkan ni wọ́n ń kọ. Wọ́n ń kọ sọ́fúwíà náà papọ̀ ní gbangba, kí iléeṣẹ́ kékeré lè mú un lò láìsan owó fún un. Àǹfààní wà níbẹ̀, torí gbogbo èèyàn lè rí àṣìṣe tó bá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn abánidíje ni wọ́n jọ jókòó sídìí tábìlì kan. Kò rọrùn fún Apple, Google, Amazon àti Samsung láti fẹnu kò lórí ohun kékeré, ká má tíì sọ ohun ńlá.

Ohun kẹta ni ààbò. Ẹ̀rọ Matter kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ nínú, tí yóò fi hàn pé ẹni tó pe ara rẹ̀ ló jẹ́ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ẹ̀rọ méjì sì gbọ́dọ̀ wà ní títì pa, kí ẹnikẹ́ni má lè fetí kọ́ ọ. Ilẹ̀kùn ilé wà lára ohun tí wọ́n ń darí. Bí wọ́n bá kánjú tú u jáde tí olè sì rí ihò níbẹ̀, ìdójútì rẹ̀ yóò ju ti ìdádúró lọ.

Ó jáde tán, kí ló kù?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tó bá ti jáde, ó parí nìyẹn. Kò tán síbẹ̀. Ìwé òfin lásán ni ẹ̀dà tí àjọ gbé jáde jẹ́ fún oníbàárà, títí dìgbà tí iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù rẹ̀ àti iléeṣẹ́ tó ṣe gílóòbù rẹ̀ bá fi àtúnṣe tuntun ránṣẹ́.

Apple fi Matter sínú iOS 16.1 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Google àti Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ti Amazon kò tilẹ̀ pé nígbà yẹn: fóònù Android nìkan ni wọ́n lè fi so ẹ̀rọ pọ̀, gílóòbù, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súwíìṣì nìkan ló sì gbà. Ọdún 2023 ló tó kan àwọn tó ń lo iPhone.

Láàárín àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, Eve, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Jámánì, wà lára àwọn tó tètè dé, torí oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n ti fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí wọ́n ti tà tẹ́lẹ̀. Signify tó ni gílóòbù Philips Hue ṣèlérí pé tiwọn yóò dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n ní kí àwọn oníbàárà ní sùúrù. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ló tó dé. Ti Belkin tún yàtọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n ní àwọn dá Matter dúró ná fún ẹ̀rọ Wemo wọn. Nígbà tó di ọdún 2025, wọ́n kéde pé ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, ọdún 2026, ni áàpù Wemo àti iṣẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò dópin fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀rọ náà. Àwọn díẹ̀ tó ń lo Thread, àti àwọn tí wọ́n ti so mọ́ HomeKit ti Apple, ló bọ́ nínú rẹ̀, torí inú ilé ni wọ́n ti ń gba àṣẹ.

Ibi tí iṣẹ́ dé báyìí

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àjọ náà sọ pé àwọn yóò máa gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Bó ṣe lọ nìyí:

Matter 1.0, oṣù Kẹwàá ọdún 2022: gílóòbù, sọ́kẹ́ẹ̀tì, súwíìṣì, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, kọ́tìnnì, tẹlifíṣàn, ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ooru ilé àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń mọ̀ bí ẹnìkan bá kọjá.

Matter 1.1, oṣù Karùn-ún ọdún 2023: kò fi ẹ̀rọ tuntun kún un. Àwọn ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì, tí wọ́n máa ń sùn kí iná wọn má bàa tètè tán, ni wọ́n fi tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe.

Matter 1.2, oṣù Kẹwàá ọdún 2023: oríṣi ẹ̀rọ mẹ́sàn-án wọlé. Lára wọn ni fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ ìfọṣọ, fáànù, ẹ̀rọ tó ń gbálẹ̀ fúnra rẹ̀, àti èyí tó ń ké tí èéfín bá wà nínú ilé.

Matter 1.3, oṣù Karùn-ún ọdún 2024: ẹ̀rọ lè sọ iye iná tó ń jẹ. Ṣájà ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí omi bá ń jò, àti ẹ̀rọ ìdáná bíi microwave náà wọlé.

Matter 1.4, oṣù Kọkànlá ọdún 2024: ó kan sólà, bátìrì tó ń tọ́jú iná, àti ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná. Router náà rí ìlànà tirẹ̀ gbà.

Matter 1.5, oṣù Kọkànlá ọdún 2025: kámẹ́rà tó ti ń jẹ́ àríyànjiyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ wá wọlé wàyí. Ìlànà fún géètì àti ilẹ̀kùn gáréèjì gbòòrò sí i, ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ilẹ̀ ọgbà bá ti gbẹ náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìlà yìí tàn yín. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ẹ̀rọ tó ń gbálẹ̀ wọ inú Matter. Ìparí oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí iOS 18.4 jáde, ni áàpù Home ti Apple tó lè darí rẹ̀. Ọdún kan àti oṣù márùn-ún gbáko nìyẹn. Ohun tí àjọ bá fọwọ́ sí lónìí lè má dé orí fóònù yín lọ́la.

Kí ni èyí já mọ́ fún ẹni tó wà nílé àti ẹni tó wà lẹ́yìn odi?

Nílẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí iná ìjọba ti ń ṣe ségesège, tí ọ̀pọ̀ ilé sì ti ń gbára lé inverter àti sólà, ohun méjì ló ṣe pàtàkì jù. Èkínní ni iṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé dátà gbọ́dọ̀ wà kó tó tan iná pálọ̀, wàhálà ni lọ́jọ́ tí dátà bá tán. Ti Matter kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ router àti ẹ̀rọ adarí gbọ́dọ̀ wà lórí inverter. Bí àwọn méjèèjì bá kú, gílóòbù yóò wà níbẹ̀, kò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ sì rántí pé pípàṣẹ lẹ́nu fún spíkà máa ń nílò íntánẹ́ẹ̀tì lọ́pọ̀ ìgbà, torí orí kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti sábà máa ń tú ọ̀rọ̀ náà.

Èkejì ni iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ. Ẹni tó ń lo bátìrì mọ̀ pé fíríìjì kan àti ẹ̀rọ amúlétutù kan lè fa gbogbo rẹ̀ gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó wọlé nínú Matter 1.3 àti 1.4 lè jẹ́ kí ilé fúnra rẹ̀ mọ ẹ̀rọ tó ń jẹ iná jù, kó sì pa á nígbà tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí àwọn tó ń ṣe inverter àti bátìrì bá gba Matter sínú ẹ̀rọ wọn. Ọwọ́ wọn ni èyí tó kù wà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Houston ni ọ̀rọ̀ àpapọ̀ áàpù yóò kọ́kọ́ kàn jù, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ti pọ̀ lórí àtẹ. Ẹni tó wà níbẹ̀ tó sì ń kọ́lé sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè máa fojú sọ́nà fún kámẹ́rà ti Matter 1.5. Kó mọ̀ pé láti wo ilé láti òkèèrè, íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà ní ilé tó ń wò àti lọ́dọ̀ tirẹ̀ náà. Matter kò mú ìyẹn kúrò.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ wo páálí bóyá àmì Matter wà lára rẹ̀. Kí ẹni tó ń tà á sọ pé «ó ń bọ̀ láìpẹ́» kò tó. Ìtàn Wemo ti fi hàn pé ìlérí àtúnṣe lè yí padà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ni kí ẹ sanwó fún.

Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi ni tàbí Thread. Tó bá jẹ́ Thread, ẹ nílò ẹ̀rọ tó lè so Thread mọ́ Wi-Fi ilé, bíi HomePod mini ti Apple, Nest Hub ìran kejì ti Google tàbí Echo ìran kẹrin ti Amazon. Láìsí ọ̀kan nínú irú wọn, kò ní ṣiṣẹ́.

Ẹ yẹ̀ wò bóyá áàpù tí ẹ ń lò ti mọ irú ẹ̀rọ náà. Àmì Matter wà lára fíríìjì kò túmọ̀ sí pé áàpù yín lè darí fíríìjì.

Ẹ má ju kóòdù náà nù. Ẹ yà á sórí fóònù, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan. Bí ẹ bá ní láti tún ẹ̀rọ náà so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni wọn yóò bi yín.

Ẹ máa gba àtúnṣe tuntun tí iléeṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ wọlé, pàápàá fún kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àti kámẹ́rà, torí ọ̀nà yẹn ni wọ́n máa ń gbà dí ihò tí olè lè gbà wọlé.

Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró de iléeṣẹ́ ńlá kankan lè wo Home Assistant, sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tí Paulus Schoutsen bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013. Orí kọ̀ǹpútà kékeré nínú ilé ló ń ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́ èdè Matter. Ó gba kí èèyàn fara balẹ̀ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ onílé.

Láti ọdún 2019 tí ìlérí ti wáyé, iṣẹ́ náà ti lọ jìnnà, kò sì tíì parí. Gílóòbù, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súwíìṣì ti dúró dáadáa. Sólà, bátìrì àti kámẹ́rà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó ti dúró lè rà á lónìí. Èyí tó ṣì wà lọ́nà, kí owó rẹ̀ ṣì wà nínú àpò ná.